Ìwé tí ilé-iṣẹ́ kọ ló ń jẹ́rìí lé e lórí

Ká ní ẹ ní ilé-iṣẹ́ gàrí kan lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀dọgbólú. Mi ò sọ ti gàrí tí ìyá àgbà ń yan lẹ́yìnkùlé o. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa ni mò ń wí, èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tó ní nọ́mbà NAFDAC lára, tí ọkọ̀ ń kó lọ sí Èkó, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń bá kóńténà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gẹ́ ń wọlé lójoojúmọ́. Wọ́n ń bó o, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń fi jáàkì fún un. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ ń gba gọ́tà lọ sí odò kékeré tó wà nísàlẹ̀. Ọmọ tó ń ṣe àwòrán ara ọ̀rá fún yín wá ya ewé tútù kan síbẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ ewé náà pé: "A kì í ba àyíká jẹ́."

Omi inú gọ́tà yẹn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan lójú òfin. Gbólóhùn ara ọ̀rá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Ohun tó máa ń ya àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lẹ́nu ni pé èkejì lè mú kí èkíní burú ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló rò pé èéfín àti omi ìdọ̀tí nìkan ni òfin àyíká ń bá wí. Ó ń bá ẹnu wa wí pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí omi náà. Ẹ̀gẹ́ tútù ní èròjà tó ń di sáyánáìdì nígbà tí wọ́n bá lọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń jẹ́ kó kan, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ń yan án: májèlé yẹn ń bá omi àti ooru lọ. Gàrí wá ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n omi tí a fún dànù ṣì wà níbì kan. Bó bá jẹ́ garawa kan ní ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ á fà á mu. Bó bá di ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ mẹ́ta lójúmọ́, koríko etí gọ́tà á kọ́kọ́ pọ́n, ẹja inú odò á tẹ̀ lé e, òórùn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn aládùúgbò wọlé. Kò sí òfin tó sọ pé gàrí jẹ́ oúnjẹ ìbílẹ̀, kí wọ́n fi omi rẹ̀ sílẹ̀.

Èwo wá ni ìwé àṣẹ? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàgámù pé, "Àbúrò, àwa ti ṣe EIA, ó ti tán." Ó rò pé bí ìwé ẹ̀rí ìbí ló rí, pé ẹ̀ẹ̀kan láyé lèèyàn ń gbà á. EIA ni àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ kan máa ṣe sí àyíká kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá. Òfin Nọ́mbà 86 ti ọdún 1992 ló gbé e kalẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká ló sì ń bójú tó o. Wọ́n máa ń pàtẹ ìwé náà fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí aráàlú lè kà á, kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn. (Sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí, lórí tábìlì kan tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí. Àwọn tó máa ń pariwo jù nígbà tí èéfín bá dé kì í mọ̀ pé wọ́n ti bi wọ́n léèrè rí.)

Ọ́dìtì àyíká yàtọ̀. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ bá ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, NESREA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007 láti máa ṣọ́ òfin àyíká, ni wọ́n sì ń kó o fún. EIA ń béèrè pé, kí lẹ máa ṣe? Ọ́dìtì ń béèrè pé, kí lẹ ti ṣe? Ẹni tó bá gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á rí gbogbo ìlérí tí ẹ ò mú ṣẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni OGEPA, àjọ ìpínlẹ̀ Ògùn, náà ní ìwé tirẹ̀ tó ń béèrè. Ọ̀gá míì á ní wọ́n ń gba owó méjì lórí nǹkan kan. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n rìsíìtì Abẹ́òkúta ò lè dáhùn ìbéèrè Àbújá.

Ẹ wo ohun kan dáadáa níbí. Kọnsọ́ltáǹtì ló sábà máa ń kọ EIA. Òun ló máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ á gbẹ́ kòtò mẹ́ta tí omi á ti máa silẹ̀ kó tó jáde, pé wọ́n á gbin igi yíká ọgbà, pé wọ́n á máa gbé omi lọ sí lábù ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀yin ò kà á, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ san owó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ìlérí yín ni, kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Mo rí ọ̀kan rí nípa ilé-iṣẹ́ kan ní Rẹ́mọ tó ń ṣàlàyé bí wọn kò ṣe ní dí àwọn apẹja etí òkun lọ́wọ́. Òkun wo ló wà ní Ìkẹ́nnẹ́? Ẹni tó kọ ọ́ ti ṣe iṣẹ́ kan ní etíkun tẹ́lẹ̀, ó kan yí orúkọ padà ni. Ẹ̀rín ni lọ́wọ́ mi. Lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ẹni tó ń pè yín lẹ́jọ́, ẹ̀rí ni pé ẹnikẹ́ni ò ka ìwé náà ní ilé-iṣẹ́ yín.

Owó ìtanràn ńkọ́? Ní ẹ̀ka 27 òfin NESREA, kọ́ńpìnnì tó bá da ohun eléwu sínú omi tàbí sórí ilẹ̀ lè san tó ₦1,000,000, pẹ̀lú ₦50,000 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá fi ń lọ. Mílíọ̀nù kan lè má ju owó díísù jẹnẹrétọ̀ yín lọ. Ti ojoojúmọ́ ni kí ẹ ṣírò: oṣù mẹ́ta péré ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ti òfin EIA kéré sí i, láti ₦50,000 sí ₦1,000,000 fún kọ́ńpìnnì. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní kí ẹni tó bá rú u, bó bá jẹ́ ènìyàn, san ₦100,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Kọ́ńpìnnì ò lè lọ ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé lè lọ.

Èyí tó le jù lọ ni òfin ìdọ̀tí olóró ti 1988. Ọdún yẹn ni wọ́n bá ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó wá láti Ítálì ní Kókó, ní apá ibi tó ti di ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà báyìí, nínú ọgbà ẹnì kan. Ìjọba bínú, wọ́n sì ṣe òfin pẹ̀lú ìbínú náà: ẹ̀wọ̀n gbére ni, wọ́n á sì gba ọkọ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀ka 7 rẹ̀ sọ pé bí kọ́ńpìnnì bá ṣe é pẹ̀lú ìmọ̀ olùdarí, mánẹ́jà tàbí sẹ́kìtìrì rẹ̀, tàbí nítorí àìbìkítà wọn, wọ́n jọ jẹ̀bi ni. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ "àìbìkítà" yẹn. Ẹ ò ní láti pàṣẹ rẹ̀. Ó tó kí ẹ gbójú kúrò.

Èéfín nìwà, rírú ló ń rú. Òwe lásán ni tẹ́lẹ̀. Ní Ògìjo, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, èéfín gidi ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù àti òjé inú bátìrì. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ilé-iṣẹ́ òjé kan pa níbẹ̀ lẹ́yìn tí àyẹ̀wò fi hàn pé òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò. Òjé kì í ṣe ohun tí oògùn ikọ́ ń wò. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lé ilé-iṣẹ́ kankan lórí, ẹjọ́ wọn ò sí lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ pa, owó ìtanràn ni ìṣòro tó kéré jù. Òṣìṣẹ́ ń gba owó, báńkì ń ka èlé, àwọn oníbàárà ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìjọba nìkan kọ́ ló sì lè pè yín lẹ́jọ́. Ní 1868, ilé ẹjọ́ Ìlú Ọba dá ẹjọ́ kan tí àwọn agbẹjọ́rò wa ṣì ń kà títí dòní, Rylands àti Fletcher. Ọkùnrin kan gbẹ́ adágún sórí ilẹ̀ rẹ̀, omi jò lọ kún ibi ìwakùsà ẹnìkejì rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó bá kó ohun tó lè ṣe jàǹbá jọ sórí ilẹ̀ rẹ̀, tó bá jò jáde, òun ni yóò san án, bí kò tilẹ̀ ṣe àìbìkítà kankan. Aládùúgbò yín tí kànga rẹ̀ ń rùn lè gbé ẹjọ́ yín lọ bẹ́ẹ̀. Ní 2018 ẹ̀wẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Nàìjíríà sọ nínú ẹjọ́ ẹgbẹ́ Centre for Oil Pollution Watch àti NNPC pé ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lè pe ẹjọ́, bí kò tilẹ̀ sí ilẹ̀ tiwọn níbẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, "Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?" ni wọ́n fi ń lé wọn kúrò ní kóòtù.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí àwọn ọ̀gá ò ní fẹ́ràn. Owó tí ẹ fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, tàbí àpò ìrẹsì tí ẹ gbé fún Baálẹ̀ nígbà ọdún, kì í ṣe ìwé àṣẹ. Kò dáàbò bò yín. Bí ẹ bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìnáwó pé "owó ìtùnú nítorí omi", ẹ ti jẹ́wọ́ pé ẹ mọ̀ pé omi náà ń ṣe wọ́n ní ibi.

Ó wá ku ohun tí a ń kọ síta, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká pẹ́ sí díẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ló ń kọ ìròyìn nípa àyíká. Wọ́n á ya àwòrán àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń gbin igi, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ dídùn sábẹ́ rẹ̀. Àṣehàn ni, kò sì sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ayé ti yí. Òfin CAMA ti 2020, èyí tó ń darí àwọn kọ́ńpìnnì, ní ẹ̀ka 305, ní olùdarí gbọ́dọ̀ máa ro ohun tí iṣẹ́ kọ́ńpìnnì ń ṣe sí àyíká ìlú tó wà. Òfin ojú ọjọ́ ti 2021, ní ẹ̀ka 24, ní ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ètò láti dín èéfín káábọ́nù rẹ̀ kù lọ́dọọdún, kó sì yan ẹnì kan tí yóò máa kọ ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba. Àádọ́ta òṣìṣẹ́! Ẹ ka àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, àwọn tó ń yan án, dẹ́réfà, ọlọ́dẹ. Ilé-iṣẹ́ gàrí wa lè ti wọ inú rẹ̀ láìmọ̀.

Àwọn kọ́ńpìnnì tí wọ́n ń ta ìpín wọn lọ́jà ìdókòwò Èkó ti ní ìlànà tiwọn lórí irú ìròyìn yìí láti 2019. Ìlànà àgbáyé méjì tí wọ́n ń pè ní IFRS S1 àti S2 sì jáde ní 2023, FRC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ìròyìn ìṣúná àwọn kọ́ńpìnnì, sì ti ní òun yóò sọ ọ́ di dandan fún àwọn kọ́ńpìnnì ńlá tó kan gbogbo ìlú láti 2028. Ẹ lè ní, "Èwo ló kàn mí ńbẹ̀?" Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ra ọjà lọ́wọ́ yín ló kàn. Òun náà gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ohun èlò rẹ̀ ti wá, yóò sì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí yín. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìjẹ̀bú-Igbó ti ń rí irú rẹ̀: Ilẹ̀ Yúróòpù ní àwọn ò ní ra kòkó tí wọ́n gbìn sórí igbó tí wọ́n pa lẹ́yìn oṣù Kejìlá 2020. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìmúṣẹ rẹ̀ síwájú, síbẹ̀ àwọn tó ń ra kòkó ti ń fi fóònù ṣe ìwọ̀n ààlà oko. Báńkì náà ń béèrè. Láti 2012 ni àwọn báńkì wa ti gba ìlànà pé àwọn á máa wo ọ̀rọ̀ àyíká kí wọ́n tó yáni lówó. Àmì "bẹ́ẹ̀ ni" tí ẹ fi sí fọ́ọ̀mù báńkì láìronú, ọ̀rọ̀ yín ni. Bó bá jẹ́ irọ́, báńkì lè ní kí ẹ dá owó padà kíá.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí a kọ síta? Ní Zambia, nítòsí ìlú Chingola, àwọn ará abúlé 1,826 ní omi ìdọ̀tí láti ibi ìwakùsà bàbà ti ba odò àti oko àwọn jẹ́. Kọ́ńpìnnì Zambia ló ń wa bàbà náà, àmọ́ Vedanta tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ni ín. Àwọn ará abúlé gbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Vedanta ní, kò kan àwa, kọ́ńpìnnì tó wà lábẹ́ wa ní Zambia ni kí ẹ bá jà. Ní 2019, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ ní ẹjọ́ náà lè lọ. Lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni àwọn ìwé tí Vedanta fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde, níbi tó ti ń yangàn pé òun ló ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ àyíká ní gbogbo ibi ìwakùsà òun. Ìyangàn tí wọ́n kọ fún àwọn onídókòwò ló di okùn tí wọ́n fi mú wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn ará Ogale àti Bille láti ìpínlẹ̀ Rivers gba irú ìdájọ́ kan náà lórí Shell. Kì í ṣe pé ilé ẹjọ́ ti dá wọn lẹ́bi nígbà náà o. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kọ́ńpìnnì gan-an ni kọ́kọ́rọ́ ti wá.

Ti Volkswagen kò gbọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 2015 ni àṣírí tú pé wọ́n fi sọ́fítíwíà sínú ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 11 tí yóò mú kí èéfín wọn mọ́ nígbà àyẹ̀wò nìkan. Ní Amẹ́ríkà, owó ìtanràn ọ̀daràn nìkan jẹ́ dọ́là bílíọ̀nù 2.8. Ọkọ̀ míì ń rú èéfín jù wọ́n lọ. Irọ́ ló jẹ wọ́n ní ìyà tó bẹ́ẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin àwọn oníbàárà ti 2018, èyí tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń ṣọ́, kọ̀ kí ọlọ́jà sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa ọjà rẹ̀. Ewé tútù ara ọ̀rá gàrí yẹn wà lábẹ́ rẹ̀. Ó sì tún kù: Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní ẹ̀ka 84, gba ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde wọlé sí kóòtù bí wọ́n bá tẹ̀ lé ìlànà. Ohùn tí alábòójútó iṣẹ́ fi sórí WhatsApp ní aago kan òru pé "ẹ ṣí i sí gọ́tà kí ilẹ̀ tó mọ́" lè dé iwájú adájọ́. Ẹ má sì rò pé pípa á rẹ́ ni ọ̀nà àbáyọ, nítorí ẹ̀ka 167 òfin kan náà gba adájọ́ láyè láti gbà pé ẹ̀rí tí ẹnì kan fi pamọ́ ì bá ta ko ẹni náà.

Ìbéèrè tí wọ́n wá máa ń bi mí ní ìkọ̀kọ̀ nìyí: "Bí èsì lábù bá jáde tí kò dáa, ṣé kí n gbé e sínú dúrọ́ọ̀?" Rárá. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yín darí àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá bá agbẹjọ́rò sọ láti gba ìmọ̀ràn ní ààbò lábẹ́ òfin, àyàfi bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ṣe ibi. Ààbò yẹn wà fún ìmọ̀ràn. Kò sọ omi ìdọ̀tí di mímọ́, kò sì ní kí ẹ máa dà á lọ. Lẹ́yìn náà ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ rí i, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, iye tó ná yín, àti èsì lábù kejì. Èsì burúkú tí àtúnṣe tẹ̀ lé jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ kò gbójú kúrò. Èsì dáadáa mẹ́wàá tí nọ́mbà wọn bára mu geere, láìsí rìsíìtì lábù kan, ń mú kí ẹni tó ń yẹ̀ yín wò fura.

Bí mo bá fẹ́ ran ilé-iṣẹ́ gàrí wa lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tuntun. Máa ní kí wọ́n wá EIA àtijọ́ wọn jáde, kí wọ́n fi bírò pupa fàlà sí ibi gbogbo tí wọ́n ti kọ "ilé-iṣẹ́ á máa", kí wọ́n wá gbé ìwé náà dání jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé. Kòtò mẹ́ta dà? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló wà, kí wọ́n kọ ẹyọ kan sínú ọ́dìtì, kí wọ́n kọ ìgbà tí méjì tó kù á parí, kí ìgbà náà sì jẹ́ èyí tí owó wọn tó. Nínú ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà, kí wọ́n yọ "omi wa mọ́ tónítóní" kúrò. Kí wọ́n kọ pé: "Ní oṣù Kẹta, àyẹ̀wò fi hàn pé omi wa kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà. A ti gbẹ́ kòtò kejì. A ó tún un yẹ̀ wò ní oṣù Kẹsàn-án." Ọ̀gá títà á ní irú ọ̀rọ̀ báyìí á lé àwọn èèyàn lọ. Àwọn tó ń ra ọjà láti Lọ́ńdọ̀nù ti ka ìròyìn tónítóní púpọ̀ rí. Èyí tó ní àbùkù àti ọjọ́ nínú ni wọ́n máa ń pè wá béèrè nípa rẹ̀.

Ní ti ara ọ̀rá, kí wọ́n yọ ewé yẹn kúrò títí kòtò kẹta á fi parí. "Gàrí Ìjẹ̀bú, ó kan dáadáa" ti tó. Gbólóhùn yẹn ò lè kó wọn sí wàhálà ní kóòtù kankan: omi tútù, ṣúgà àti ẹ̀pà ni ẹ̀rí rẹ̀.